Fífi Iná Mànàmáná Bo Mẹ́táàlì: Ìtàn Ìṣòro Ihò Jíjìn, láti Birmingham dé Yantala

Fífi iná mànàmáná bo mẹ́táàlì ni iṣẹ́ tí a fi ń gbé awọ fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́táàlì kan, bí i fàdákà, wúrà, níkẹ́lì, síǹkì tàbí kírómíọ̀mù, lé ara mẹ́táàlì mìíràn. Ohun tí a fẹ́ bò ni a ó rì sínú omi tí a ti yọ́ iyọ̀ mẹ́táàlì sí. A ó so ó mọ́ ẹnu òdì orísun iná, a ó sì so ègé mẹ́táàlì tí a fẹ́ kí ó di awọ mọ́ ẹnu kejì. Bí iná bá ti ń gba inú omi náà kọjá, wínníwínní mẹ́táàlì á máa kúrò nínú omi, á sì máa lẹ̀ mọ́ ara ohun tí a rì. Ṣíbí tí ó ń dán bí fàdákà, ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹnu ẹ̀rọ omi inú ilé àti àìmọye ohun mìíràn ni ó ti ọ̀nà yìí wá.

Àléébù kan ti bá iṣẹ́ náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ó mọ ojú í bò, ṣùgbọ́n inú máa ń ṣòro fún un. Ẹni tí ó bá ti yẹ páìpù èéfín alùpùpù ògbólógbòó wò yóò ti rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣì máa dán bí dígí nígbà tí inú rẹ̀ ti di ìpáàrà, tí ihò á sì là sí i láti inú wá sí ìta. Awọ kírómíọ̀mù tí ó wà lẹ́yìn kò wọ inú rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tí ó jẹ́ páìpù tí a tẹ̀: ìta rẹ̀ nìkan ni a bò. Lára ohun tí kò ju ẹwà lọ, a lè gbójú fo èyí. Ṣùgbọ́n bí ohun náà bá jẹ́ páìpù omi, ikùn ìbọn, táǹkì kẹ́míkà tàbí ihò tóóró inú ẹ̀rọ, inú gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni awọ kì í dé. Àádọ́jọ ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn onímọ̀ fi bá ìṣòro yìí jà. Ìtàn ìjà náà kan ilé-iṣẹ́ ńláńlá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì kan omi tí a ń mu ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ohun tí ó fa ìṣòro náà

Iná mànàmáná a máa pọ̀ sí ọ̀nà tí ó bá rọrùn jù láàárín ẹnu méjèèjì. Igun, etí àti gbogbo ibi tí ó yọrí síta ni ó súnmọ́ ẹnu afúnni jù. Ibẹ̀ ni iná ń pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni awọ ti ń nípọn. Ìdí ihò jìnnà. Kí iná tó dé ibẹ̀, ó ní láti gba inú omi tóóró kan kọjá, omi náà sì ní ìdènà tirẹ̀. Ó dà bí òjò àkọ́rọ̀ tí ó rọ̀ sórí igbó kìjikìji: ewé òkè á ti mu tirẹ̀ yó kí ilẹ̀ abẹ́ igi tó rí ẹ̀kán kan. Bí jíjìn ihò bá ti ju fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, awọ tí yóò dé ìdí rẹ̀ á ti tín-ín-rín gan-an, nígbà mìíràn kò ní sí níbẹ̀ rárá.

Ní oṣù kìíní ọdún 1836, Michael Faraday kan àpótí ńlá kan sí Royal Institution ní London, ó fi mẹ́táàlì bò ó, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ń fi agbára iná gbígbóná janjan lu ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí àmì iná kankan nínú àpótí náà. Ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ inú omi oògùn kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí omi náà ń gbé iná, afẹ́fẹ́ inú àpótí Faraday kò sì gbé e. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi àpótí yẹn sọ́kàn kò ní yà á lẹ́nu pé inú kòròfo máa ń gba ìpín tí ó kéré jù.

Iná nìkan kọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́táàlì tí ó yọ́ sínú omi ìdí ihò máa ń tán kíákíá, tuntun kì í sì í tètè wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ háídírójìn tí ó ń hó lára irin lè há sínú ihò tí ó dojú bolẹ̀, kí ó sì lé omi kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, omi oògùn tí ó há sí kọ̀rọ̀ lè máa sun jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, kí ó sì jẹ irin tí ó yẹ kí a ti dáàbò bò. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ fi máa ń bẹ ẹni tí ó ya àwòrán ẹ̀rọ pé kí ó má ṣe ihò tí kò ní ẹ̀yìn bí ó bá lè yẹra fún un, kí ó sì jẹ́ kí igun rí róbótó.

Pavia, Saint Petersburg àti Birmingham

Kí iná mànàmáná tó dé, mẹ́kúrì ni àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà Yúróòpù fi ń bo nǹkan. Wọn á po wúrà mọ́ mẹ́kúrì, wọn á fi ra ara ohun èlò, wọn á sì yan án lórí iná títí mẹ́kúrì yóò fi gbẹ lọ. Ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá dé ni wúrà ń dé, ì báà jẹ́ inú ife jíjìn. Ní ti ihò nìkan, ọ̀nà àtijọ́ yìí sàn ju ti iná mànàmáná lọ. Ohun tí ó fi pani ni èéfín mẹ́kúrì, tí ó ń ba ọpọlọ àti ara àwọn oníṣẹ́ jẹ́.

Alessandro Volta, tí í ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Pavia ní Ítálì, kéde bátìrì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1800. Luigi Brugnatelli, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú kan náà, lo irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1805 láti fi wúrà bo àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ńlá méjì. Iṣẹ́ náà kò tàn káàkiri nígbà náà. Ní ọdún 1833 àti 1834 ni Faraday wá fi ìdí òfin rẹ̀ múlẹ̀ pé bí iná tí ó kọjá bá ṣe pọ̀ tó ni mẹ́táàlì tí ó lẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Ní ọdún 1838, Moritz Jacobi kéde ní Saint Petersburg pé òun ti fi bàbà da ẹ̀dà nǹkan nípa iná mànàmáná: a ó jẹ́ kí bàbà nípọn nínú ẹ̀dá-ọwọ́ kan, a ó sì bọ́ ọ kúrò gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bọ́ èèpo.

Birmingham ni iṣẹ́ náà ti di òwò. George Elkington àti Henry, ẹbí rẹ̀, gba ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ ní ọdún 1840. Ohun tí ó gbé iṣẹ́ wọn ga ni ìmọ̀ tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ John Wright, oníṣẹ́-abẹ ní ìlú náà, ẹni tí ó ṣàwárí pé bí a bá fi sáyánáìdì pọ́táṣíọ̀mù yọ́ fàdákà àti wúrà, awọ wọn máa ń lẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń tẹ́jú. Irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń dé kọ̀rọ̀ ju omi ásíìdì lásán lọ. Ìdí ni pé ó máa ń nira fún mẹ́táàlì láti jáde kúrò nínú sáyánáìdì. Ibi tí iná ti pọ̀ jù kò wá lè gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan, ibi jíjìn á sì rí díẹ̀ gbà. Láti ìgbà náà ni sáyánáìdì ti gba ipò mẹ́kúrì. Májèlé rọ́pò májèlé: bí ásíìdì bá kan omi sáyánáìdì, afẹ́fẹ́ tí ó jáde lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní ọdún 1844, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ amúnáwá olóòfà tí John Stephen Woolrich ṣe. Ó wà lára ẹ̀rọ amúnáwá àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí a fi ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ó sì ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Birmingham títí di òní. Ṣáájú kí a tó lo iná mànàmáná láti tan ìmọ́lẹ̀ ní ìgboro, ṣíbí àti àwo ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún.

Ní Paríì, Charles Christofle ra ẹ̀tọ́ sí ìwé àṣẹ Elkington àti ti Henri de Ruolz ní ọdún 1842. Ní àyíká ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti kojú ìṣòro ihò jíjìn lójúkojú. Bí a bá fẹ́ da ẹ̀dà ère odindi, ẹ̀dá-ọwọ́ náà á ṣófo nínú, á sì ní imú, etí, abẹ́ apá àti ìṣẹ́po aṣọ. Bàbà tí ó ń ti ìta wá kò lè dé gbogbo kọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Étienne Lenoir, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, wá ọ̀nà kan: ó fi wáyà pìlátínọ́ọ̀mù hun egungun ère náà ní kékeré, ó sì gbé e kọ́ sí inú ẹ̀dá-ọwọ́, kí ẹnu afúnni iná lè wà nínú ihò fúnra rẹ̀. Pìlátínọ́ọ̀mù wọ́n. Gaston Planté, ẹni tí ó bá Christofle ṣiṣẹ́, dá a lábàá pé kí a lo òjé dípò rẹ̀. Lenoir kan náà ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì oníná gáàsì ní ọdún 1860. Planté kan náà ni ó ṣe bátìrì olójé ní ọdún 1859, bàbá gbogbo bátìrì tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lónìí. Kò wọ́pọ̀ kí àwọn tí ó ń kọ ìtàn ọkọ̀ rántí pé àwọn méjèèjì ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ bíbo ère.

Níkẹ́lì àti kírómíọ̀mù ni ó kàn. Isaac Adams Kékeré, ará Boston, gba ìwé àṣẹ fún bíbo nǹkan ní níkẹ́lì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1869. Oliver Watts ti yunifásítì Wisconsin gbé ìpò omi níkẹ́lì tí a ṣì ń lò káàkiri jáde ní ọdún 1916. Ní àárín àwọn ọdún 1920, Colin Fink àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Columbia sọ kírómíọ̀mù di ohun tí ilé-iṣẹ́ lè gbẹ́kẹ̀ lé. Kírómíọ̀mù le, ó ń dán, kì í ṣá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo mẹ́táàlì tí a ń fi bo nǹkan, òun ni ó burú jù fún ihò. Nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú 100 iná tí a lò péré ni ó ń sọ di awọ. Ìyókù di afẹ́fẹ́ tí ó ń hó. Bí iná bá sì ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, bí ó ti máa ń rí nínú ihò, kò ní lẹ̀ rárá. Páìpù èéfín alùpùpù tí a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ẹ̀bi mìíràn.

Ìwọ̀n Haring àti Blum

Títí di ìgbà yìí, ojú àti ọwọ́ ni oníṣẹ́ fi ń mọ omi tí ó ń dé kọ̀rọ̀ àti èyí tí kì í dé. Ní ọdún 1923, H. E. Haring àti William Blum, tí ó jẹ́ onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ìwọ̀n, sọ ọ́ di iye tí a lè kọ sílẹ̀. Àpótí gbọọrọ kan ni wọ́n lò. Wọ́n fi ẹnu afúnni sí àárín, wọ́n sì fi àwo mẹ́táàlì méjì sí ìpẹ̀kun méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan jìnnà ní ìlọ́po márùn-ún èkejì. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n wọn àwo méjèèjì. Bí jíjìnnà nìkan bá ni ó ń pín iná, ìdá kan nínú márùn-ún ni èyí tí ó jìnnà yóò gbà. Omi oògùn tí ó bá fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ ni omi tí ó lè dé kọ̀rọ̀. Èyí tí ó bá fún un ní díẹ̀ sí i kò dára fún ohun oníhò. Omi sáyánáìdì yege nínú ìdánwò yìí, kírómíọ̀mù sì kùnà pátápátá. Àpótí tí iye owó rẹ̀ kò tó nǹkan yìí ni a ṣì ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ títí di òní.

Mímọ ìwọ̀n àìsàn kì í ṣe ìwòsàn. Ohun tí oníṣẹ́ lè ṣe kò pọ̀: kí ó dín iná kù kí iṣẹ́ sì falẹ̀, kí ó máa ru omi náà, kí ó yí ohun tí ó ń bò padà kí afẹ́fẹ́ lè jáde, tàbí kí ó ṣe bí Lenoir ti ṣe, kí ó ti ọ̀pá afúnni bọ inú ihò. Ọ̀nà ìkẹyìn yìí ni a gbà ń fi kírómíọ̀mù bo ikùn ìbọn ńlá. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn láti ìdí dé ẹnu. Bí ó bá fara kan ògiri, iná á bú, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe fún páìpù títọ́. Fún páìpù tí ó wọ́, tí ó pín ẹ̀ka, tàbí tí ó tóóró bí abẹ́rẹ́, kò ṣeé ṣe.

Awọ tí kò lo iná

Ibi ikùn ìbọn yìí ni ìyípadà ńlá ti ṣẹlẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Abner Brenner àti Grace Riddell ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan náà tí Blum wà. Wọ́n fẹ́ fi àdàlù níkẹ́lì bo inú páìpù irin. Wọ́n ti ọ̀pá afúnni bọ inú rẹ̀, wọ́n sì bu hàípófọ́sífáìtì sódíọ̀mù sínú omi náà kí àwọn èròjà inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn páìpù náà, níkẹ́lì tí ó wà lára rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí òfin Faraday gbà láàyè lọ fún iye iná tí wọ́n lò. Ẹ̀yìn páìpù, tí kò dojú kọ ọ̀pá kankan, náà ti gba awọ. Wọ́n wá rí i pé hàípófọ́sífáìtì fúnra rẹ̀ ni ó ń fún níkẹ́lì ní ohun tí iná máa ń fún un, àti pé ara irin gbígbóná ni ó ń mú kí ìyípadà náà ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1946 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde. Adolphe Wurtz ti ṣàkíyèsí ní ọdún 1844, ní Faransé, pé hàípófọ́sífáìtì lè lé níkẹ́lì jáde nínú omi, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí a tó rí ìlò rẹ̀.

Pàtàkì ọ̀nà yìí ni pé kò sí ẹnu afúnni, nítorí náà kò sí ibi tí ó súnmọ́ tàbí tí ó jìnnà sí i. Ibi tí omi gbígbóná náà, tí ó máa ń tó nǹkan bí 90°C, bá ti fọwọ́ kàn ni awọ ti ń hù, ní ìpọn kan náà ní ìdí ihò àti ní ẹnu rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ General American Transportation sọ ọ́ di òwò lábẹ́ orúkọ Kanigen. Ó lò ó láti bo inú ọkọ̀ ojúurin alágbá ńlá tí ó ń gbé sódà olóró, kí irin má bàa ba ọjà náà jẹ́. Ihò wo ni ó tún lè jìn ju inú àgbá tí odindi ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀?

A kò lè sọ pé èrò náà jẹ́ tuntun pátápátá. Justus von Liebig ní Jámánì ti fi kẹ́míkà nìkan gbé fàdákà lé dígí ní ọdún 1835, ó sì gbé ọ̀nà tí ó tẹ́jú jáde ní ọdún 1856. Fúláàsì tíì tí ó wà ní ọwọ́ àwọn alátíì láti Èkó dé Niamey jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. Ògiri dígí méjì ni ó wà nínú rẹ̀, àlàfo àárín wọn há, ẹnu kan ṣoṣo tí ó kéré gan-an ni ó sì ní kí a tó dí i pa. James Dewar ṣe irú rẹ̀ ní London ní ọdún 1892; ní ọdún 1904, ilé-iṣẹ́ Thermos bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀ ní Jámánì. Kò sí ọ̀pá tí ó lè wọ inú àlàfo yẹn, dígí kì í sì í gbé iná. Omi fàdákà ni a ń dà sínú rẹ̀, tí a ń yí i, tí a sì ń dà jáde. Bákan náà ni inú fóònù alágbèéká: àwọn ihò kéékèèké tí ó so ìpele pátákó ẹ̀rọ pọ̀ máa ń kọ́kọ́ gba bàbà nípasẹ̀ kẹ́míkà, kí iná mànàmáná tó wá mú un nípọn.

Ọ̀nà kẹ́míkà wọ́n ju ti iná lọ, omi rẹ̀ sì máa ń tètè rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó ń lò ó fún páìpù omi abúlé. Síǹkì ni a fi sílẹ̀ fún ìyẹn.

Páìpù, síǹkì àti omi ní etí Odò Ọya

Yantala jẹ́ àdúgbò ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, ní etí òsì Odò Ọya. Yantala Òkè àti Yantala Ìsàlẹ̀ ni àwọn ará ìlú pín in sí. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń fọ omi odò mọ́ fún ìlú náà wà níbẹ̀. Èkejì wà ní Goudel tí kò jìnnà sí i. Ìlú tí ó wà ní etí aginjù gbára lé odò yìí pátápátá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1985, lẹ́yìn ọ̀dá ọlọ́dún gbọọrọ, odò náà dẹ́kun ṣíṣàn ní Niamey. Omi tí ó bá ti ibi fífọ̀ jáde gbọ́dọ̀ gba inú páìpù kọjá kí ó tó dé àgbàlá ènìyàn, inú páìpù náà sì ni ọ̀ràn wa wà.

Àwọn tí ó ń da páìpù ńlá ti mọ̀ tipẹ́ pé inú àti ìta kò lè gba ìtọ́jú kan náà. Páìpù irin dídà ti òde òní, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Pont-à-Mousson ní Faransé gbajúmọ̀ fún, máa ń gba síǹkì ní ìta. Ní inú, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń fi tẹ́ ẹ: wọn á da á sínú páìpù, wọn á sì fi ẹ̀rọ yí páìpù náà kíákíá títí sìmẹ́ǹtì yóò fi lẹ̀ mọ́ ògiri yíká. Kò sí mẹ́táàlì tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Páìpù kéékèèké ilé àti ti kànga ni ó gba síǹkì ní inú àti ní ìta. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é kì í ṣe ti iná mànàmáná. Paul-Jacques Malouin ṣàlàyé ní Faransé ní ọdún 1742 pé bí a bá ri irin bọ inú síǹkì yíyọ́, awọ yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Stanislas Sorel gba ìwé àṣẹ fún un ní ọdún 1837, ó sì pè é ní galvanisation, láti inú orúkọ Luigi Galvani, onímọ̀ iná mànàmáná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí iná mànàmáná kankan nínú ìrìbọmi náà. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé síǹkì máa ń fi ara rẹ̀ rúbọ fún irin: bí omi bá kan àwọn méjèèjì papọ̀, síǹkì ni yóò kọ́kọ́ jẹrà. Páànù tí a fi bo òrùlé ilé wa láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn jẹ́ ọmọ Sorel, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí a sì ń rí lórí òrùlé Ìbàdàn ni òpin ìrúbọ náà.

Síǹkì yíyọ́ máa ń wọ inú ihò gẹ́gẹ́ bí omi, ní nǹkan bí 450°C. Àǹfààní rẹ̀ lórí iná mànàmáná nìyẹn, òun ni a sì fi yàn án fún páìpù. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ohun kòròfo tí a dí pa, tí omi díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, lè bú gbàmù nínú síǹkì gbígbóná. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lu ihò ìmí sí i. Bẹ́ẹ̀ ni fífín ẹnu páìpù kí a lè so ó mọ́ òmíràn máa ń gé awọ náà kúrò níbẹ̀, ojú ìsopọ̀ sì ni ìpáàrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún 1981 sí 1990 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wádún omi mímu. Ní ìgbèríko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kànga ẹlẹ́rọ ni a gbẹ́, tí a sì gbé pọ́ọ̀ǹpù àfọwọ́tẹ̀ lé lórí. Páìpù irin onísíǹkì ni ó ń gbé omi gòkè nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn: omi náà pupa, ó ń ta irin lẹ́nu, ó ń ba aṣọ funfun jẹ́, ó ń sọ tíì di dúdú. Ọ̀pọ̀ padà sí odò àti kànga tí kò ní ìdérí, pẹ̀lú gbogbo àrùn inú rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru ilẹ̀, wọ́n ní inú àpáta ni irin náà ti ń wá.

Otto Langenegger, tí ó bá ètò pọ́ọ̀ǹpù ti UNDP àti Báńkì Àgbáyé ṣiṣẹ́ ní agbègbè yìí, ni ó fi ẹ̀rí hàn pé pọ́ọ̀ǹpù fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹrà. Ìdánwò rẹ̀ kò le. A ó bu omi ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí pọ́ọ̀ǹpù ti sinmi mọ́jú, a ó wọn irin inú rẹ̀. A ó wá máa fa omi lọ, a ó sì máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí irin náà bá ti inú ilẹ̀ wá, kì yóò yí padà púpọ̀. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ bí omi tuntun ti ń gòkè, a jẹ́ pé inú páìpù ni ó ti wá, níbi tí omi ti sùn mọ́ irin ní gbogbo òru. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1994. Àbájáde tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé bí pH omi bá ti wà lábẹ́ 6.5, síǹkì kò lè dáàbò bo irin fún ìgbà tí ó nítumọ̀. Omi abẹ́ àpáta líle tí ó gba púpọ̀ nínú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì sábà máa ń kan bẹ́ẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kábónì tí ó yọ́ sínú rẹ̀.

Ìdáhùn tí kò ní awọ nínú ti wà ní ọjà nígbà náà. Pọ́ọ̀ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ tí Marc Vergnet, ọmọ Faransé, ṣe ní àwọn ọdún 1970, tí ó sì tàn ká Nìjẹ̀r àti Burkina Faso, ń lo rọ́bà oníke dípò páìpù irin. Fún pọ́ọ̀ǹpù mìíràn, irin aláìdípáàrà ni ó bọ́ sí i. Harry Brearley gbé irin yìí jáde ní Sheffield ní ọdún 1913. Kírómíọ̀mù tí kò gbà láti wọ inú ihò nípasẹ̀ iná ni a pò mọ́ irin náà láti inú ìléru, ó kéré tán ìdá 10.5 nínú 100, tí ó fi jẹ́ pé inú àti ìta rẹ̀ di ọ̀kan náà, tí ibi tí a bá sì gé náà á máa dáàbò bo ara rẹ̀.

Owó ni kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà parí. Páìpù onísíǹkì kò wọ́n tó irin aláìdípáàrà, àwọn tí ó ń gba iṣẹ́ kànga sì ń rà á lọ títí di ọ̀rúndún yìí. Ní ọdún 2016, ìjọba Uganda dá ìlò rẹ̀ dúró nínú pọ́ọ̀ǹpù àfọwọ́tẹ̀. Ní ọdún 2022, àjọ àwọn onímọ̀ omi ìgbèríko, RWSN, gbé ìròyìn Stop the Rot ti Kerstin Danert jáde, ó sì fi hàn pé ohun tí Langenegger kọ ṣì ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà. Ní ti kírómíọ̀mù oníná, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lo ásíìdì rẹ̀ láìgba àṣẹ pàtàkì, nítorí pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Ìdánwò omi òwúrọ̀ kò gbà ju bébà ìwọ̀n irin, bébà ìwọ̀n pH àti korobá kan lọ. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè ṣe é pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ẹnu ẹ̀rọ omi ilé-ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.